Ọ̀já Inú Ọkọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ìyá tí ó pọ̀n ọ́n ni ó mọ̀. Òun ni ó mọ òkè tí ó gùn, odò tí ó là kọjá, àti ẹrù orí tí ó ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ ní tirẹ̀ ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó ti sùn lọ fọnfọn. Bí a bá bi ara wa léèrè ohun tí ó fún ọmọ náà ní irú oorun bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé ẹ̀yìn ìyá ni. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ẹ̀yìn kò ní ọwọ́ tí ó lè fi di ohunkóhun mú. Ọ̀já ni ó di ọmọ mú. Aṣọ ìpọnmọ ni ó bo ọmọ. Ọ̀já ni ó gbà á ní ìdí, tí ó fà á mọ́ ìyá rẹ̀, tí a sì so níwájú kí ó má baà tú. Kò sí abiyamọ tí ojú rẹ̀ là tí yóò so ọ̀já tán tí kò ní kọ́kọ́ gbọn ara rẹ̀ díẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ kan ìdí ọmọ, kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Bí ọ̀já bá dẹ̀, yóò tú u, yóò tún un so.

Ẹ wá wo ohun tí abiyamọ kan náà ń ṣe nígbà tí ó bá dé ibùdókọ̀. Kò lè fi ẹ̀yìn ti ìjókòó ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà yóò tú ọ̀já, yóò gbé ọmọ wá sí iwájú, yóò sì gbé e lé ẹsẹ̀. Ọ̀já tí ó tú yìí, yóò ká a sínú báàgì, tàbí kí ó máa fi nu itọ́ ọmọ. Nígbà tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí ìrìn rẹ̀ kò ju kìlómítà 5 lọ ní wákàtí kan, ó de ọmọ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó wọ ohun tí ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ó tú ọmọ sílẹ̀. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń wo èyí, n kò sì rí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀ títí mo fi di bàbá àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọmọ ọdún kan sábà máa ń wọ̀n tó kìlógíráàmù 10. Bí ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan, tí ó sì dúró láàárín ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tí ọmọ náà yóò fi já lọ sí iwájú yóò dà bí ìgbà tí ó bá wọ̀n tó kìlógíráàmù 140. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Ìyá wo ni ó lè fi ọwọ́ méjì gba àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta dín díẹ̀ tí ẹnì kan jù lù ú lẹ́ẹ̀kan náà? Ìfẹ́ kọ́ ni kò tó. Apá ni kò ká a. Bí ìyá fúnra rẹ̀ kò bá sì de bẹ́líìtì, òun ni yóò fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ ọmọ mọ́ iwájú ọkọ̀. Àwọn mìíràn a máa fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ara wọn àti ọmọ pọ̀, wọ́n rò pé àwọn ti ṣe dáadáa. Èyí burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ọmọ ti di ìrọ̀rí láàárín ìyá àti bẹ́líìtì.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a rò pé ọwọ́ ìyá tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n ṣe ọkọ̀ rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ta ìjókòó ọmọ fún ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bí a bá rí àwòrán àwọn tí wọ́n ń lò títí di ọdún 1950 lé díẹ̀, ẹ̀rín ni yóò pa wá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n tẹ̀ bí ìkọ́, tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, tí wọ́n sì ta aṣọ sáàárín wọn kí ọmọ lè jókòó. Òmíràn tilẹ̀ ní sítíárìn ìṣeré, kí ọmọ lè máa ṣe bí ẹni pé òun ni ó ń wa ọkọ̀. Kí ọmọ lè rí ìta, kí ó má sì máa rá kiri lẹ́sẹ̀ awakọ̀, ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ìkọ́ a fò kúrò níbi tí ó kọ́, ọmọ àti ìjókòó a sì jọ máa lọ.

Àgbàlagbà ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbáyọ fún. Nils Bohlin, ará Súwídìn, ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìjókòó tí ń gbé awakọ̀ òfurufú fò jáde nígbà ewu, kí ilé-iṣẹ́ Volvo tó gbà á síṣẹ́ ní ọdún 1958. Ní ọdún 1959 ni bẹ́líìtì tí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú ọkọ̀ Volvo, èyí tí ó dì mọ́ ọkọ̀ ní ibi mẹ́ta, tí ó gba orí ìbàdí kọjá, tí ó sì ti èjìká kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àyà. Òfin fún ilé-iṣẹ́ náà láṣẹ láti fi ṣe tirẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo àwọn tí ń ṣe ọkọ̀. Òun náà ni a ń dè títí di òní olónìí. Àmọ́ egungun ni bẹ́líìtì yìí gbẹ́kẹ̀ lé: egungun ìbàdí tí ó ti gbó, àti egungun èjìká tí ó ti le. Ọmọdé kò ì tí ì ní irú wọn. Orí ọmọ tuntun tó ìdá mẹ́rin gígùn rẹ̀, nígbà tí ti àgbàlagbà kò ju bí ìdá mẹ́jọ lọ, egungun ọrùn tí ó gbé orí ńlá náà kò sì tí ì dì pọ̀ tán. Bí a bá de ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìjókòó tí ó kọjú sí iwájú, ara rẹ̀ lè dúró, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò ní dúró.

Ará Súwídìn mìíràn, dókítà kan tí ń jẹ́ Bertil Aldman, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Chalmers ní ìlú Gothenburg, ni ó rí ojútùú. Ó kíyè sí ìjókòó tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn tí yóò lọ sí òfurufú nínú ètò Gemini. Wọ́n fi ẹ̀yìn àwọn arìnrìn-àjò náà lé ohun tí wọ́n gbẹ́ bá ara wọn mu, kí agbára tí ń gbé ọkọ̀ náà lọ sókè lè tàn káàkiri ẹ̀yìn, kí ó má baà kó jọ sí ojú kan. Aldman bi ara rẹ̀ pé, kí ni ó dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ nínú ọkọ̀ ilẹ̀? Bí ìkọlù bá ti iwájú wá, kí ọmọ kọ ẹ̀yìn sí i. Ní ọdún 1964 ni wọ́n dán àkọ́kọ́ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wò nínú ọkọ̀ Volvo, nígbà tí ó sì di ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ náà ti ń tà á. Ní Súwídìn, ọmọ a máa kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò fẹ́ sọ pé ara ìyá tí ó pọn ọmọ ni wọ́n ti wo èyí kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a máa fi ohun tí kì í ṣe tiwa ṣe tiwa. Ọmọ ẹ̀yìn wa kọjú síbi tí ìyá rẹ̀ kọjú sí; ọmọ Aldman kọjú síbi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Síbẹ̀, ohun kan pa wọ́n pọ̀. Nínú méjèèjì, ohun tí ó gbòòrò ni ó gba ọmọ dúró, gbogbo ara ọmọ ni ó sì fi tì í: àyà àti ikùn ti ẹ̀yìn ìyá níhìn-ín, ẹ̀yìn àti orí ti ìjókòó lọ́hùn-ún. Nínú méjèèjì pẹ̀lú, bí ohun tí a fi so ó bá dẹ̀, asán ni gbogbo rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiwọn ní òpin àwọn ọdún 1960. Ford ní Tot-Guard, General Motors sì ní Love Seat. Ìjọba gbé òfin kalẹ̀ ní ọdún 1971 lórí bí ìjókòó ọmọ ṣe yẹ kí ó rí, ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé kí wọ́n gbé e sínú ìkọlù wò. Ó di ọdún 1981 kí wọ́n tó sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n dán gbogbo wọn wò nínú ìkọlù máìlì 30 ní wákàtí kan, tí í ṣe bíi kìlómítà 48. Títí di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni lè ta ìjókòó ọmọ tí a kò gbé sínú ìkọlù wò rí.

Ìjà tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí ni èyí tí wọ́n jà ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Dókítà àwọn ọmọdé kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Robert Sanders, tí ó jẹ́ ọ̀gá ètò ìlera ní àgbègbè Rutherford. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí òun ń fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kí àrùn má baà pa wọ́n, ọkọ̀ àwọn òbí wọn gan-an ni ewu tí ó kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé aṣòfin. Ní ọdún 1977, Tennessee di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà tí ó ṣòfin pé kí òbí fi ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́rin sínú ìjókòó ọmọ. Òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1978. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin fi gbólóhùn kan kún un kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: ọmọ tí ẹni tí ó dàgbà jù ú lọ bá gbé mọ́ra, òfin kò bá a wí.

Ẹ wò ó bí ayé ṣe kéré tó. Àwọn aṣòfin Tennessee, tí wọn kò mọ ọ̀já, tí wọn kò sì mọ ìdí tí abiyamọ fi ń tú u ní ibùdókọ̀, dé ibi kan náà tí abiyamọ dé: pé ọwọ́ ìyá tó. Sanders mọ ìṣirò tí a ṣe lókè. Ó sọ gbólóhùn wọn yìí ní orúkọ burúkú kan, èyí tí a lè pè ní gbólóhùn atẹ-ọmọ-pa lédè wa, ó sì gbógun tì í. Ọdún 1981 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1985, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tí ó wà ní Amẹ́ríkà ti ní irú òfin yìí.

Òfin lè mú ènìyàn ra ìjókòó ọmọ. Dídè é mọ́ ọkọ̀ ni iṣẹ́, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ sì ti wọlé. Ẹni tí ó ń ṣe ìjókòó ọmọ kò mọ ọkọ̀ tí wọn yóò gbé e sí. Ẹni tí ó ń ṣe ọkọ̀ kò ro ti ìjókòó ọmọ rárá. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jọ ń wo ara wọn. Bẹ́líìtì àgbàlagbà ni wọ́n ní kí òbí máa fi so ó, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́líìtì kan kò jọ èkejì. Nígbà tí wọ́n rí i pé orí ìjókòó náà ń tẹ̀ síwájú jù, wọ́n fi okùn kan kún un lókè, kí òbí so ó mọ́ ara ọkọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Amẹ́ríkà ìgbà náà kò ní ibi tí wọn yóò so ó mọ́. Òbí gbọ́dọ̀ lu ihò sí ara ọkọ̀ rẹ̀, kí ó sì fi bóòtì dè é. Ta ni yóò lu ọkọ̀ rẹ̀ tuntun? Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ kí okùn náà máa fì dirodiro. Àwọn ará Ọsirélíà gbọ́n jù wọ́n lọ níhìn-ín: láti ọdún 1976 ni wọ́n ti pa á láṣẹ pé kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fúnra wọn fi ibi ìso okùn òkè náà sí i. Kánádà tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1989. Amẹ́ríkà kò sì padà sídìí rẹ̀ títí di ọdún 1999.

Ìṣòro mìíràn wá láti ara ohun tí wọ́n ṣe fún ìrọ̀rùn. Bẹ́líìtì àkọ́kọ́ a máa le gbagidi. Bí o bá ti fà á, ibẹ̀ ni yóò wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe èyí tí ń ká ara rẹ̀, tí ń jẹ́ kí àgbàlagbà lè tẹ̀ síwájú, tí kì í sì í dúró gírí àfi bí ọkọ̀ bá ta kìjí. Ó tu àgbàlagbà lára. Ìjókòó ọmọ tí a bá fi irú rẹ̀ so yóò máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo kọ́nà tí ọkọ̀ bá yà. Ní Amẹ́ríkà, irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí ó rí bíi lẹ́tà H ni wọ́n fi ń pa apá méjèèjì bẹ́líìtì pọ̀ nítòsí ibi tí ó ti wọlé, kí ó má lè sún mọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1995 ni wọ́n ti ní kí bẹ́líìtì àwọn ọkọ̀ tuntun níbẹ̀ lè ti ara rẹ̀ pa fún ìjókòó ọmọ. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí a bá fà á jáde tán pátápátá, bí ó ti ń padà wọlé ni yóò máa le. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dàgbà ju èyí lọ ní láti wá irin náà.

Ní ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò lórí ọ̀nà tí gbogbo ayé yóò jọ máa lò. Èso rẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní Isofix. Irin róbótó méjì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní mìlímítà 6, tí àárín wọn sì jẹ́ mìlímítà 280, tí a jó mọ́ ara ọkọ̀ níbi tí ẹ̀yìn ìjókòó ti pàdé ìdí rẹ̀. Ìjókòó ọmọ ní ẹnu méjì tí yóò fi gbá wọn mú, yóò sì dún ‘kàà’. Volkswagen àti Römer ní Jámánì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé e jáde, ní ọdún 1997. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ó sì ti di dandan nínú àwọn ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà. Kò sí bẹ́líìtì nínú rẹ̀, kò sí fífà, kò sí pé ó dẹ̀. Àwa tí ọkọ̀ wa ti wà ṣáájú ìgbà náà nìkan ni kò bá wà níbẹ̀.

Mo ní “àwa” nítorí pé ilẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó àti Peugeot ní Kàdúná, tí olùkọ́ àti akọ̀wé fi ń ra ọkọ̀ tuntun. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, tí náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ti olówó ńlá, tòkunbọ̀ sì gba ojú títì, láti èbúté Èkó àti láti Kútọnu. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú wọn gbé òfin ilẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é lọ́wọ́. Èyí tí ó ti Gẹ̀ẹ́sì wá ṣáájú ọdún 1987, tí òfin ibẹ̀ tó mú bẹ́líìtì ẹ̀yìn ní dandan, lè máà ní bẹ́líìtì kankan lẹ́yìn. Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá ṣáájú ọdún 1990 lè jẹ́ bẹ́líìtì ìbàdí nìkan ni yóò ní níbẹ̀. Irú èyí dára láti so ìjókòó ọmọ tí ó ní okùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò dára rárá fún àga ìgbéga àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀, tí ó gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì èjìká. Èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1995 sí òkè lè ní àpò afẹ́fẹ́ níwájú, ìjókòó tí ó kọjú sẹ́yìn kò sì gbọdọ̀ dé iwájú rẹ̀ láé, nítorí bí àpò náà bá bú, ẹ̀yìn orí ọmọ ni yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ kọlù. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága àkọ́kọ́, ti kọ́ àwọn tí ó jókòó níwájú pé kí wọ́n de bẹ́líìtì, ó kéré tán nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá wà lójú pópó. Ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí a ń kó àwọn ọmọ sí, kò sí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ilé tèmi nìyí. Ní ọdún 2008, ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé ní London wá kí wa pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ó sì gbé ìjókòó ọmọ dání. Òfin tí ó le ni ó wà ní ibi tí ó ti wá. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ọmọ gbọ́dọ̀ wà nínú ìjókòó tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún méjìlá tàbí kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 135. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tilẹ̀ wà nínú òfin wọn: ọkọ̀ tí kò bá ní bẹ́líìtì rárá, ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, èyí tí ó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ni yóò jókòó. Ọdún 1982 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ tí mo ń lò nígbà náà. Kò ní Isofix, kò ní bẹ́líìtì lẹ́yìn, kò sì ní ẹni tí ó tì í ní gbogbo ọdún tí mo fi wà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ìlọrin ni a fẹ́ lọ. Ìyàwó mi na ọwọ́, ó ní, “Gbé e fún mi jàre. Ẹsẹ̀ mi yìí ni mo gbé ìwọ náà lé láti Ìbàdàn dé Kàdúná.”

Ọmọ wa kúnlẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹ̀yin ni n kò fọkàn tán. Ọkọ̀ tí ó lè wá kọlù wá ni n kò fọkàn tán.”

A kò lọ mọ́ ní ọjọ́ náà. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan. Ó wo ìjókòó náà, ó wo ọkọ̀, ó ní kí a fi okùn tí a fi ń so ẹrù sórí ọkọ̀ so ó. Bí a kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, òun yóò lu ihò méjì sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. N kò jẹ́ kí ó lù ú. Páànù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fẹ́lẹ́. Bóòtì tí a bá kàn gbà lára rẹ̀ láìfi irin tí ó nípọn tì í lẹ́yìn yóò ya jáde bí ìkọ́ tí a fi kọ́ bébà. Mo lọ bá bàbá kan tí ó ti ń tún irú ọkọ̀ yẹn ṣe láti ìgbà tí ó ti dé Nàìjíríà. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ọ̀bẹ hú rọ́bà róbótó kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí rí. Ihò wà lábẹ́ rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ tí bóòtì yóò gbà wọlé, irin tí ó nípọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn sì wà lára òpó ọkọ̀ lókè. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà ti pèsè àyè bẹ́líìtì sílẹ̀, wọn kò kàn fi bẹ́líìtì sí i. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ihò náà ti wà níbẹ̀ tí a ń jókòó lé e.

Bàbá fi ìtúnùn-ún gún ihò kọ̀ọ̀kan wò. Ti apá òsì ti dípẹtà. Bí ó ti gún un ni irin ń já lulẹ̀ bí èèpo ẹ̀gẹ́. Ti apá ọ̀tún àti ti àárín dá ṣáká. Ní ọjà, bẹ́líìtì ara ọkọ̀ tí ó ti kú pọ̀ bí ejò, olówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n Bàbá kò gbà. Ó ní bẹ́líìtì tí ó ti gba ènìyàn dúró nínú ìjàǹbá ti na ara rẹ̀ tán, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, a kò sì lè fi ojú mọ èyí tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ìwé tí ó bá ìjókòó ọmọ wá sọ nípa ìjókòó tí ó ti wà nínú ìjàǹbá, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti rí i tí wọ́n ń tà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòkunbọ̀, láìsí ìwé, láìsí ìtàn. A ra bẹ́líìtì méjì tuntun. Ó gba Bàbá ní odindi ìrọ̀lẹ́ kan láti gbé àgbá kékeré tí ń ká bẹ́líìtì dúró ṣánṣán, nítorí bí ó bá dà sí ẹ̀gbẹ́, kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dì.

Ìjókòó ọmọ náà, a dúpẹ́, gba Isofix, ó sì tún gba bẹ́líìtì. Àmì búlúù ni wọ́n fi sí ibi tí bẹ́líìtì yóò gbà bí ọmọ bá kọjú sẹ́yìn. Pupa ni wọ́n fi sí àwọn tí ó kọjú síwájú. Ọmọ mi fi ọwọ́ tẹ ìjókòó náà mọ́lẹ̀, èmi ń fa bẹ́líìtì, Bàbá ń wò wá. Lẹ́yìn náà ó di ìjókòó náà mú ní ibi tí bẹ́líìtì gbà, ó sì mì í sọ́tùn-ún sósì. Ìwé ní kò gbọdọ̀ sún ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ lọ. Ó sún jù bẹ́ẹ̀. A tú u, a tún un so. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó dúró.

Ọjọ́ kẹta ni a lọ sí Ìlọrin. Ìyàwó mi jókòó ti ọmọ lẹ́yìn, ó ń wo ojú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, nítorí pé òun àti ọmọ kọjú síra wọn, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ bí ó bá pọ̀n ọ́n. Bí a ti ya ilé epo ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó tú ọmọ, ó gbé e pọ̀n, ó sì ní kí n bá òun mú ọ̀já nínú báàgì. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó dá a padà sínú ìjókòó, tí ó sì mì ín wò.

Mo ta ọkọ̀ náà ní ọdún 2011. Mo fi bẹ́líìtì méjèèjì sílẹ̀ fún ẹni tí ó rà á, mo sì ká kápẹ́ẹ̀tì sókè láti fi ihò apá òsì, tí ó ti dípẹtà, hàn án.